Abigail Kò Dìde

Ohùn Abigail Ìkúnayọ̀ máa ń dé ọjà Pessu ní Warri ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Bí ó bá ń bọ̀ láti etí odò, àwọn tó ń ta gààrí á ti gbọ́ ohun tó fẹ́ bá ẹni tó ń ta ata sọ, nígbà tí ẹni tó ń ta ata gan-an kò tíì rí i. Àwọn kan ní àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Irọ́ ni wọ́n pa. Orí omi ni wọ́n bí i sí. Ìlàjẹ ni bàbá àti ìyá rẹ̀, apẹja ni wọ́n, inú ilé tí wọ́n gbé ka orí òpó igi létí odò ni ó sì ti dàgbà. Láti inú ọkọ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń polówó ẹja gbígbẹ, ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí omi, ara rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́. Níbẹ̀, bí o bá rí i pé ọkọ̀ ẹlòmíì ń jò, o kò ní kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Igbe ni wàá ké sí i. Ìyá Abigail kọ́ ọ láti kékeré pé ẹni tó rí ibi tó ń jò tó sì dákẹ́, apànìyàn ni.

Ẹ̀kọ́ yìí dára lórí omi. Nígbà tí Abigail lọ́kọ tó sì gòkè wá sí ìgboro, ẹ̀kọ́ náà gba iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkíní ni ilé búrẹ́dì kan ní Enerhen. Oníbàárà kan béèrè bóyá búrẹ́dì òní ni, gbogbo àwọn tó ń tajà sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Abigail ní ti àná ni, pé ti òní ṣì wà nínú ààrò, kí ó ní sùúrù díẹ̀. Oníbàárà ní sùúrù, ọ̀gá kò ní. Èkejì ni ilé ìgbàlejò kan ní Ajamimogha, níbi tí ó ti ń fọ aṣọ ibùsùn. Máníjà ibẹ̀ pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ lọ́jọ́ kan, ó ní kí oníkálukú sọ tinú rẹ̀ láìbẹ̀rù. Gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ oṣù rí ló mọ̀ pé “ẹ ṣeun, sà” ni èsì irú ìpè bẹ́ẹ̀. Abigail dìde, ó sọ tinú rẹ̀. Kí ó tó sọ ọ́ dé ìdajì, wọ́n ti ń ṣe ìwé ìdágbére rẹ̀.

Àwọn ará ilé ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Abigail ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun kò tíì ráhùn sí òun.

Olúgbémi, ọkọ rẹ̀, kì í bá a jà lórí èyí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì ló ń wà, ó ń kó èrò lọ sí àwọn ìletò inú odò, owó rẹ̀ sì ń bọ́ ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Warri ní ọdún 1997, tí ẹ̀yà ń dìde sí ẹ̀yà, wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà níbi tó so ó mọ́. Ẹni tó sun ún kò mọ Olúgbémi, Olúgbémi náà kò sì mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà, àwọ̀n àwọn ẹlòmíì ló ń tún ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Abigail ló wá di ẹni tí gbogbo ilé ń wojú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní láti sọ fún un pé iṣẹ́ kẹta kò gbọdọ̀ bọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Sàdíátù ló bá a rí iṣẹ́ náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Sàdíátù, wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan, ẹnu rẹ̀ sì tutù débi pé ó lè sọ fún ènìyàn pé ẹnu rẹ̀ ń rùn, kí onítọ̀hún sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá Alàgbà Adéfọláhàn ṣiṣẹ́ ní ilé yìnyín rẹ̀ ní Pessu, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja dídì ní páálí páálí. Ìjẹ̀bú ni Alàgbà náà, ó ti wà ní Warri láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ó sì jẹ́ ẹni iyì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Inú rẹ̀ dùn sí Abigail ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé bí ó bá kígbe “ṣáwà tútù”, àwọn tó wà ní òdìkejì ọjà á dáhùn.

Ìdùnnú náà kò pẹ́. Obìnrin kan tó ń dín ẹja wá ra ẹja kòtè, Alàgbà sì fọwọ́ sọ̀yà fún un pé ọkọ̀ òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ já a sílẹ̀ ni. Abigail, páálí lórí, ní, “Alàgbà, ẹja yìí ti bá wa ṣe Ọdún Àjíǹde, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀.” Obìnrin náà dá owó rẹ̀ padà sínú àpò, ó lọ.

Alàgbà pè é wọlé. Kò pariwo, àwọn Ìjẹ̀bú tó mọ òwò kì í pariwo. Ó ní, “Mi ò ní lé ọ, torí ohùn rẹ ń tajà. Ṣùgbọ́n láti ọ̀la lọ, bí o bá ní ọ̀rọ̀ kan láti bá mi sọ, orúnkún rẹ méjèèjì ni kó kọ́kọ́ kanlẹ̀. O ò gbọdọ̀ lanu títí màá fi ní kí o dìde. Tí orúnkún bá ti kanlẹ̀, ẹnu á rọ̀.”

Abigail dé ilé bí ẹni tí agbọ́n ta. “Kí n kúnlẹ̀ kí àgbà, ìyẹn kò ṣòro, ìyá mi kọ́ mi,” ni ó sọ fún Olúgbémi. “Ṣùgbọ́n kí n máa kúnlẹ̀ tọrọ àyè kí n tó sọ̀rọ̀! Lórí sìmẹ́ǹtì tí omi yìnyín ń ṣàn lórí rẹ̀!”

Olúgbémi ń di ojú àwọ̀n. “Ṣé o máa fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni?”

“Mo ní inú ń bí mi ni. Mi ò ní mò ń fi iṣẹ́ sílẹ̀.”

Ó ń kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní àràárọ̀, níwájú oníbàárà àti àwọn aláàárù, Abigail tí ohùn rẹ̀ ń mi Pessu á wólẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì, á sì dákẹ́. Alàgbà á jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kí ojú lè rí i. Á tún máa sọ fún àwọn àlejò rẹ̀ pé, “Ẹ wo obìnrin yìí, mo ti tọ́ ọ.” Sharon, ọmọ Abigail, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tí kì í fi dáhùn, wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń wẹ̀, ó ní, “Mummy, your knee don black o. Which kind work be this?” Ọ̀rọ̀ ọmọ náà dùn ún ju ti ọ̀gá lọ.

Sàdíátù ló kọ́ ọ ní èyí tó kù. “Fi omi sí i,” ni ó máa ń wí. “Kọ́kọ́ yin ohun tó dára. Lẹ́yìn náà, bi í ní ìbéèrè. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu tirẹ̀ jáde.”

Abigail gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Alàgbà ní kí ó dìde, ó dìde, ó ní, “Ẹ̀wù yín dára lónìí, sà. Kí ló dé tí ẹ ò fún àwọn aláàárù lówó oúnjẹ wọn?” Sàdíátù tó wà nídìí òṣùwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ tí kò ṣe é.

Kò sọ̀rètí nù, torí olóríkunkun ni, ẹ̀kọ́ tí olóríkunkun bá sì fẹ́ kọ́, yóò kọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó sọ fún Alàgbà pé, “Sà, ọwọ́ àwọn tó ń ru páálí ti ń bó. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, kí lẹ máa ń ṣe sí i láyé ìjọ́sí?” Alàgbà ronú. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti ra ìbọ̀wọ́ fún wọn, ó sì ń sọ kiri pé ọgbọ́n orí òun ni. Inú bí Abigail pé ọkùnrin náà gba ọgbọ́n òun ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn aláàárù san. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ó yọ ìbọ̀wọ́ náà lápò Ìjẹ̀bú, ẹ jẹ́ ká gbà pé ó lágbára.

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn náà ló ti kọ́ ohun méjì tí Sàdíátù kò kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ nìkan ni ó máa ń rí níbẹ̀, ó sì wá mọ̀ pé bí Alàgbà bá ń parọ́, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbé sókè nínú sálúbàtà. Ohun kejì ni pé lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá bọ́ lẹ́nu òun nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó ní kí òun dìde, ọkùnrin náà ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó lè gbọ́. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ, ó ti ń gbọ́ nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ ayé Abigail, kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rí nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Etí ni wọ́n máa ń dì. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ó ti di àdàbà o. Iná náà wà níbẹ̀, eérú ló bò ó.

Ní ọdún 2003, ìjà tún gbóná. Ìbọn ń ró láti ìhà odò, àwọn ṣọ́jà dúró sí oríta Enerhen, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, wọ́n sì ti ọ̀nà omi. Àwọn ará ìletò inú odò ń sá wọ ìgboro pẹ̀lú ẹní àti ọmọ lẹ́yìn, wọ́n kún inú ọgbà ilé ìwé kan fọ́fọ́. Kò sí iná NẸ́PÀ, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè jáde ra dísù fún jẹnẹrétọ̀. Ilé yìnyín Alàgbà wà ní títì fún ọjọ́ púpọ̀ pẹ̀lú ẹja tó kún inú rẹ̀ dé òkè.

Nígbà tí wọ́n dẹ ọwọ́ òfin, tí ènìyàn lè rìn lójú mọmọ, Alàgbà wá dísù, ó tan jẹnẹrétọ̀. Kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn ni òórùn ti ṣí i fún wọn. Omi pupa ti ń jò láti ìdí àwọn páálí. Sàdíátù fi ìbòrí rẹ̀ bo imú. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń retí kí ọ̀gá ní kí wọ́n kó o dànù.

Alàgbà wo ẹja náà pẹ́. Gbogbo ohun tó ní ló wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí a purọ́ mọ́ ọn: ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tó ṣọ̀fọ̀. Ó ní, “Ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kó tún dì.”

Ẹja náà tún dì. Ojú rẹ̀ funfun báláú, òórùn rẹ̀ sì sùn sábẹ́ yìnyín. Lẹ́yìn náà ni Abigail gbọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ tà á fún. Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Agatha, òun ló ń ṣe kòkáárí oúnjẹ àwọn tó sá wá sínú ọgbà ilé ìwé, wọ́n sì ti ní kí ó wá fi mọ́tò kó gbogbo ẹja náà lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ní àárọ̀ náà, Abigail wọ yàrá Alàgbà lọ kí mọ́tò tó dé. Ó kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí ó dìde, ó dìde. Gbogbo ohun tí Sàdíátù kọ́ ọ ni ó lò. Ó kí i kú àdánù. Ó ní gbogbo Pessu ló mọ̀ pé orúkọ Alàgbà ju ẹja lọ. Ó béèrè bóyá àwọn tó ń ṣe oúnjẹ tí adìyẹ ń jẹ kò ní lè ra èyí tó bà jẹ́ yìí. Ohùn rẹ̀ kò kọjá ẹnu ọ̀nà.

“Wọ́n á fi ata sí i,” ni Alàgbà dáhùn. “Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ òórùn. Ẹ̀yin aláàárù, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jáde.”

“Sà, àwọn ọmọdé pọ̀ níbẹ̀.”

“Abigail. Bí o bá lanu síta lónìí, o ò ní iṣẹ́ mọ́ níbí. O mọ̀ pé ọkọ rẹ kò ríṣẹ́ ṣe.”

Ó jáde. Ìbínú ló gbé e jáde, ẹ̀rù kò sí níbẹ̀. Igbe ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, igbe orí omi, èyí tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ọlọ́kọ̀ tó ń jò. Ṣùgbọ́n ó wo ọjà. Ó rí ilé ìtajà kan tó ti di eérú lọ́ọ̀ọ́kán; àhesọ ni wọ́n fi sun ún, ẹnì kan ló ní olówó ibẹ̀ kó ìbọn pamọ́. Bí òun bá kígbe níbí pé wọ́n fẹ́ fi ẹja oró bọ́ àwọn tó sá wá láti odò, kò sí ẹni tó máa béèrè ẹja mọ́. Ẹ̀yà wo ló ni ilé yìnyín ni wọ́n máa béèrè. Wọ́n á sun Alàgbà mọ́ inú rẹ̀, wọ́n á sun Sàdíátù, iná náà á sì wá ẹni tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ lọ sílé. Bí òun bá sì dákẹ́, àwọn ọmọ inú ọgbà á jẹ ẹja náà ní ọ̀sán yìí. Igbe á pààyàn, ìdákẹ́ á pààyàn.

Mọ́tò dé. Agatha sọ̀kalẹ̀, obìnrin sísanra tí oorun kò kún ojú rẹ̀. Àwọn aláàárù ti to páálí sí ẹnu ọ̀nà. Alàgbà jáde pẹ̀lú ẹ̀rín oníṣòwò, ó ń kí i káàbọ̀.

Abigail rìn bọ́ sí àárín páálí àti mọ́tò, ó sì kúnlẹ̀ síwájú ọ̀gá rẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

Alàgbà rẹ́rìn-ín. “Dìde.”

Kò dìde.

“Abigail, mo ní kí o dìde.”

“Mò ń bẹ̀ yín ni, sà,” ni ó wí, jẹ́jẹ́, ó sì tẹrí ba.

Ẹni tó bá mọ Warri mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ tí wọ́n fi ń kí àgbà níbẹ̀ kì í pẹ́. Bí àgbàlagbà obìnrin bá wà lórí orúnkún ní gbangba ọjà tí kò dìde, ó ní láti jẹ́ pé wọ́n pa á lẹ́kún tàbí pé òun ló pààyàn. Ẹni àkọ́kọ́ dúró, ẹni kejì dúró. Àwọn tó ń ta gààrí fi igbá sílẹ̀. Ohun tó sì dẹ́rù bà wọ́n jù ni pé Abigail ni, kò sì pariwo.

“Oga, wetin you do this woman?” ni Agatha béèrè.

“Nothing, madam. Na so my people dey greet.”

“Greet wey no dey finish?” Ó yíjú sí Abigail. “My sister, stand up abeg. Wetin e do you?”

“E no do me anything, ma. I dey beg am.”

“You dey beg am for wetin?”

“Na him go talk am, ma. Na him be my oga.”

Gbogbo ojú yí sí Alàgbà. Abigail wo ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó wà. Àtàǹpàkò inú sálúbàtà ń gbé sókè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Abigail sọ nǹkan nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, títí fìlà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gèlè rẹ̀.

“Ẹ sọ fún wọn pé kò ṣeé jẹ, sà. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ sọ ọ́.”

“Mo ti lé ọ níṣẹ́,” ni Alàgbà fi imú sọ, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀ nítorí àwọn ènìyàn.

“Ẹ ṣeun, sà. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.”

“O fẹ́ dójú tì mí?”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, sà. Ẹ ní mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí mi ò bá kúnlẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára. Mo lè wà níbí títí ilẹ̀ á fi ṣú.”

Sàdíátù kúrò nídìí òṣùwọ̀n. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nígbà náà ni ojú Alàgbà já a. Ó wo èrò tó ń pọ̀ sí i. Ó wo páálí tí oòrùn ti ń mú, tí omi pupa sì ti ń yọ ní ìdí rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ rí omi náà, ọ̀rọ̀ á bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó nà ró, ó nu ojú.

“Madam, I no go deceive you,” ni ó sọ fún Agatha. “No light since. This fish don spoil. I no fit sell am give people wey run come.”

Ọjà dákẹ́. Ibi tí ìdákẹ́ náà máa ṣubú sí ni kò yé ẹnikẹ́ni, torí ẹnì kan lè béèrè ìdí tó fi kọ́kọ́ to ẹja ọ̀hún jáde. Abigail kò jẹ́ kí wọ́n béèrè. Ó dìde, omi ń kán ní orúnkún rẹ̀, ó sì tú ohùn orí omi náà sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátápátá, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀: “Una see my oga? Him lose everything, e still talk true! Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi o!” Bàbá arúgbó kan gbé ọwọ́ sókè, ó ní Ọlọ́run á dá a padà fún un. Àwọn mìíràn pàtẹ́wọ́. Agatha di ọwọ́ Alàgbà mú, ó ní òun kò rí irú èyí rí látìgbà tí ìlú ti dàrú. Kí ó tó wọ mọ́tò, ó wo Abigail fún ìgbà pípẹ́, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n sin ẹja náà lẹ́yìn ilé ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn tí èrò túká, Alàgbà ní kí Abigail kó ẹrù rẹ̀, kí òun má rí i níbẹ̀ mọ́.

“Wọ́n lé ọ,” ni Olúgbémi wí nígbà tó dé ilé. Kì í ṣe ìbéèrè; gbogbo àgbàlá ti gbọ́. “O pariwo?”

“Mi ò pariwo.”

Ó gbé ojú kúrò lára àwọ̀n, ó wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. “Nígbà náà, tí o ò bá pariwo, kí ló dé tí wọ́n fi lé ọ?”

“Ọkọ̀ ló ń jò,” ni Abigail dáhùn. Ó jókòó tì í, ó fi ọwọ́ nu orúnkún. “Mi ò ní dákẹ́ fún wọn, Olúgbémi. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n sísọ ni màá sọ ọ́.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó gba Pessu lọ. Sharon ní, “But dem don sack you na.” Abigail ní òun gbọ́.

Alàgbà ni ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé yìnyín tó ti ṣófo, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Láti àárọ̀ ni àwọn oníṣòwò ti ń yà wá kí i fún òtítọ́ rẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ti ní àwọn á yá a lọ́jà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ta gààrí rí Abigail, wọ́n ń wò. Abigail dé iwájú ọ̀gá rẹ̀. Kò kí i. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún.

“Má kúnlẹ̀,” ni Alàgbà sọ kíákíá, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. “Má kúnlẹ̀ síbí. Dìde dúró. Kí lo fẹ́?”

“Iṣẹ́ mi ni, sà.”

Alàgbà fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé, kò sì tì í.